Imú Ló Ṣáko

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń lẹ táìsì mọ́ ògiri ní Setúbal.
Mo mọ ibi tí ìlà ti yẹ̀ kí n tó gbé tépù.
Síbẹ̀, ọmọ tó ń jẹun níwájú mi láràárọ̀,
Leocádia tí mo bí,
n kò rí i pé àárín eyín rẹ̀ ti ṣí kúrò lábẹ́ imú.

Fọ́tò iléèwé ló tú u síta.
Ó rẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu,
ayàwòrán ti yà á kí ọwọ́ tó débẹ̀.
Mo gbé rúlà lé fọ́tò náà.
Ìyàwó mi ní, "Baltasar, ọmọ ni, kì í ṣe ògiri bálùwẹ̀."

Dókítà Felismina kò kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ kankan.
Ó fa òwú ìtayín, ó nà án tọ́ntọ́n
láti agbedeméjì ojú, ó gba orí imú,
ó gba kòtò kékeré òkè ètè, ó dé àgbọ̀n.
Okùn ìwọ̀n nìyẹn!
Iṣẹ́ mi ni obìnrin yìí ń ṣe, aṣọ funfun ló fi yàtọ̀.

"Eyín òkè wà láyè rẹ̀," ni ó wí.
"Ti ìsàlẹ̀ ló fi mìlímítà mẹ́ta yà sósì.
Leocádia, lanu. Pa á dé, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́,
dúró níbi tí eyín ti kọ́kọ́ kan eyín."
Níbẹ̀, ìlà méjèèjì pàdé
bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí káfíńtà kàn tán.
"Ó yá, pa eyín dé pátá."
Àgbọ̀n yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òkè ló fún jù. Ìsàlẹ̀ kò ríbi wọ̀, ló bá yà.
Èmi tí mo ti ń rò ó bọ̀ lọ́nà
pé kí wọ́n ṣáà yọ eyín kan, kí àyè gbà.

Wọ́n de irin kan mọ́ àjà ẹnu rẹ̀,
wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí kò ju abẹ́rẹ́ lọ.
Lálaalẹ́ mo ń tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń yí i díẹ̀ báyìí,
ọwọ́ tó ń gbé àpò sìmẹ́ńtì ń gbọ̀n.
"Ṣé ó dùn ọ́?"
"Imú ló ń yún mi, Pàpá."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èjí là láàárín eyín òkè.
Èjí gidi! Ìyá mi pàtẹ́wọ́,
Eufrásia tó fi ogójì ọdún to ẹja sínú agolo,
tí àgbọ̀n tirẹ̀ náà ti yà láti kékeré,
tó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun títí dòní.
"Ẹ fi í sílẹ̀ fún un."
Èjí kò dúró. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ó ti pa dé,
ọmọ mi ń wá a nínú dígí bí ẹni tí òrùka rẹ̀ sọnù.

Lẹ́yìn náà wáyà, lẹ́yìn náà rọ́bà, ọdún méjì.
Lọ́jọ́ tí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó.
"Dókítà, ó ku ìdajì mìlímítà."
"Ta ni yóò rí i?"
"Èmi."
Ó rẹ́rìn-ín. Leocádia náà rẹ́rìn-ín, kò fọwọ́ bo nǹkan kan.

Mo rántí àwọn ilé àtijọ́ ní Fontainhas,
níbi tí ògiri kan kò ti bá ìkejì dọ́gba:
ẹni tó bá tẹ̀ lé okùn ìwọ̀n níbẹ̀,
táìsì rẹ̀ yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.
Ojú ni mo fi ń wá àárín. N kì í sọ fún onílé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ti ilẹ̀kùn bálùwẹ̀,
mo fa òwú ìtayín, mo nà án láti iwájú orí dé àgbọ̀n mi.
Eyín dúró ṣánṣán.
Imú ló ṣáko.